Ooru Abẹ́ Ilẹ̀ fún Ilé Gbígbé ní Barking àti Dagenham

Híìtì pọ́ǹpù onílẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń fa ooru láti abẹ́ ilẹ̀ wọ inú ilé nígbà òtútù, tó sì lè dá ooru inú ilé padà sábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná. Kì í jó gáàsì, iná mànàmáná ló ń lò. Ní Barking àti Dagenham, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, létí odò Thames, níbi tí ìkànìyàn ọdún 2021 ti ka ènìyàn 218,900, bọ́ílà onígáàsì ṣì ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Àwọn ọmọ Yorùbá tó fi ibẹ̀ ṣe ilé kò kéré, wọ́n sì mọ ohun tí bíìlì gáàsì ìgbà òtútù ń ṣe fún àpò.

Bí yìnyín bá tilẹ̀ bo ojú ilẹ̀, ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù kọjá nǹkan bíi mítà 10 yóò bá ooru tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, bíi ìwọ̀n 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yálà nínú oṣù Kejì ni o tàbí oṣù Kẹjọ. Oòrùn ló mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọlẹ̀, kì í ṣe iná ìsàlẹ̀ ayé bí àwọn kan ṣe rò. Wọ́n á ki páìpù oníke tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U sínú ihò, wọ́n á sì máa yí omi tí wọ́n po oògùn mọ́ kó má baà dì gba inú rẹ̀. Omi náà á sọ̀ kalẹ̀ ní tútù, á sì gòkè bọ̀ pẹ̀lú ooru díẹ̀. Ooru díẹ̀ yìí tó láti mú kí èròjà kan tó wà nínú ẹ̀rọ náà hó di afẹ́fẹ́. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀ títí á fi gbóná, á wá gbé ooru náà fún omi rédíétọ̀. Fíríìjì ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà: ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ ti mọ ibi tí ooru inú rẹ̀ ń gbà jáde. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ iná ẹyọ kan, ooru ẹyọ 3 sí 4 ló ń kó wọlé.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lord Kelvin ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1852, nígbà tó sì di 1912 Heinrich Zoelly, ará Switzerland, ti forúkọ èrò fífa ooru láti inú ilẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. John Sumner fi omi odò mú ilé gbóná ní Norwich ní 1945. Nígbà tí wọ́n ṣí Royal Festival Hall ní 1951, omi Thames, odò kan náà tó ń ṣàn kọjá Barking, ni wọ́n fa ooru rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn náà. Gáàsì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n rí nínú Òkun Àríwá ló mú kí Gẹ̀ẹ́sì gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Ilẹ̀ Barking kò ṣòro láti lu. Létí odò, ẹrọ̀fọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lókè. Lábẹ́ wọn ni amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tó ní àwọ̀ eérú, lẹ́yìn náà yanrìn, ẹfun ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ilé oníyàrá mẹ́ta sábà máa ń nílò ihò kan tó jìn tó mítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fa omi inú ẹfun fúnra rẹ̀ lò, tí omi náà sì ju mítà onígun 20 lọ lójúmọ́, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Environment Agency. Kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun, kí wọ́n wo máàpù dáadáa: reluwé HS1 gba inú ihò lábẹ́ ilẹ̀ láti Stratford kó tó yọ síta ní Ripple Lane.

Ibi tí ọ̀ràn ti le ni àdúgbò Becontree nínú ìjọba ìbílẹ̀ náà. London County Council kọ́ nǹkan bíi ilé 26,000 síbẹ̀ láàárín 1921 sí 1935, ilé bíríkì tí wọ́n so mọ́ra wọn ní ìlà gbọọrọ, oníwájú kékeré, ẹlẹ́yìnkùlé. Ọkọ̀ tí ń lu ilẹ̀ kò lè gba àárín ìlà ilé mẹ́fà wọ ẹ̀yìnkùlé, iwájú ilé sì ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Òfin ọdún 1980 tó jẹ́ kí ayálégbé ra ilé lọ́wọ́ kánsù tún dá kún un: nínú ìlà kan ṣoṣo, kánsù lè ni ilé méjì, kí onílé tó ń gbé inú tirẹ̀ ni méjì, kí lánlọ́ọ̀dù ni ìyókù. Ta ni yóò san owó ihò tí gbogbo wọn yóò jọ lò? Ní abúlé Stithians ní Cornwall, ojú títì ni wọ́n lu ihò sí, tí wọ́n sì fa páìpù dé ẹnu ọ̀nà oníkálukú, bí wọ́n ṣe ń fa gáàsì. Lójú mi, ọ̀nà yẹn nìkan ló bá Becontree mu.

Ilé gogoro rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé onílé kan ṣoṣo ló ni ín. Ní Enfield, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, kánsù fi ẹ̀rọ yìí sínú fúláàtì bíi 400 nínú ilé gogoro mẹ́jọ, iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ Kensa lọ́wọ́ sí. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń pín ooru, àmọ́ fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, oníkálukú sì ń san owó iná tirẹ̀. Chadwell St Mary ní Thurrock, tí kò jìnnà sí Dagenham, ti ṣe irú rẹ̀ nínú ilé gogoro mẹ́ta. Ní àárín Barking, B&D Energy tí kánsù dá sílẹ̀ ti ń fi páìpù pín omi gbígbóná láti ojú kan fún àwọn fúláàtì tuntun; níbi tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ bá wà, ojú kan yẹn nìkan ni wọ́n máa yí padà sí híìtì pọ́ǹpù.

Owó ńkọ́? Lílu ihò àti gbígbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sábà máa ń kọjá 20,000 pọ́n-ùn fún ilé kan. Láti oṣù Kẹwàá 2023, ìjọba ń fún onílé ní England àti Wales ní 7,500 pọ́n-ùn lábẹ́ Boiler Upgrade Scheme, àmọ́ ilé kánsù kò sí nínú rẹ̀. Owó ìnáwó ojoojúmọ́ ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Ẹyọ iná mànàmáná kan ń gbówó bíi ìlọ́po mẹ́rin ẹyọ gáàsì, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń sọ ẹyọ kan di mẹ́ta lè gbówó ju bọ́ílà lọ, èyí tó ń sọ ọ́ di mẹ́rin ló máa dín in kù díẹ̀. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni bí omi rédíétọ̀ ṣe gbóná tó: bí ooru bá ń jò jáde nínú ilé, tí ògiri àti òrùlé kò ní ìbora, omi gbọ́dọ̀ gbóná gan-an, iṣẹ́ ẹ̀rọ á sì di púpọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ kọ́kọ́ fi ìbora sí òrùlé.

Ní ti mímú ilé tutù nígbà ooru, ọjọ́ 19 oṣù Keje 2022 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa béèrè nípa rẹ̀. Ooru kọjá ìwọ̀n 40 ní Lọ́ńdọ̀nù, iná sì jó ilé ní Wennington, tí kò jìnnà sí Dagenham. Omi inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ lè mú ilé tutù láìlo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rárá, pọ́ǹpù kékeré tó ń yí i nìkan ni yóò jẹ iná. Rédíétọ̀ kò wúlò fún èyí, nítorí ó kéré, omi á sì máa kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Páìpù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ yàrá tàbí fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lórí páìpù tútù ló yẹ. Ooru tí wọ́n bá dà sínú ihò nígbà náà kò ṣòfò, torí amọ̀ tí wọ́n ń fa ooru rẹ̀ lọ́dọọdún láìdá ohunkóhun padà máa ń tutù sí i díẹ̀díẹ̀.