Ọjọ́ Wo La Fẹ́ Dá Ìlú Padà Sí?

Àwa tí à ń fi kóòdù jẹun ní ohun kan tí à ń pè ní rollback. Bí a bá gbé iṣẹ́ tuntun jáde lálẹ́, tí gbogbo rẹ̀ dojú rú kílẹ̀ tó mọ́, a ó wo àkọsílẹ̀ wa, a ó yan ọjọ́ kan tí nǹkan ṣì ń lọ déédéé, a ó sì dá ohun gbogbo padà síbẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé ohun tí àwọn èèyàn ti kó síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn lè ṣòfò. Nítorí náà, ká tó tẹ bọ́tìnnì, ìbéèrè méjì la máa ń bi ara wa: ọjọ́ wo la fẹ́ padà sí? Ta ni yóò pàdánù?

Ìlú kan wà tó gbìyànjú irú nǹkan báyìí pẹ̀lú ilé àti ilẹ̀. Berlin ni, apá ìlà-oòrùn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ògiri tó pín ìlú náà sí méjì ṣí ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ọdún 1989, púpọ̀ nínú wa ò tíì dáyé, àwọn yòókù ṣì ń rá kòrò. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé nípa rẹ̀ ò ju ìlà méjì lọ: ògiri wó, inú gbogbo èèyàn sì dùn. Irọ́ kọ́. Àmọ́ lẹ́yìn ijó, àwọn ará ìlà-oòrùn padà sílé wọn, ilé yẹn gan-an ló sì wá di ohun àríyànjiyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ilé gbígbé ṣe rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, àwọn ọmọ ogun Soviet ló gba ìlà-oòrùn Jámánì. Ní 1949, ibẹ̀ di orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ tó ń ṣe ìjọba sósíálíìsì. Ìjọba ló ni iléeṣẹ́, ìjọba ló ń darí ọ̀pọ̀ ilé, ìjọba náà ló ń pín in fáwọn èèyàn. Owó ilé ò ju nǹkan bíi máàkì kan lóṣù fún mítà kan níbùú lóròó, wọn kì í sì í fi kún un.

Ṣé ẹ̀ ń wò ó pé ìgbádùn pọ́ńbélé nìyẹn? Ẹ wo Prenzlauer Berg, àdúgbò ilé petẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti kọ́ púpọ̀ nínú wọn kí ọdún 1900 tó wọlé. Owó ilé tó kéré báyẹn ò lè ra ọ̀dà, ká má tíì sọ ti òrùlé. Òjò ń wọlé, ìta ògiri ń já bọ́, èédú ni ọ̀pọ̀ fi ń mú yàrá gbóná, àwọn mìíràn sì ń bá aládùúgbò pín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́bàá àtẹ̀gùn.

Ní 1973, ìjọba gbé ètò ńlá kan jáde pé nígbà tó bá fi máa di 1990, ìṣòro ilé yóò ti kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ń da kọnkéré sínú mọ́ọ̀dù níléeṣẹ́, wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá gbé odindi ògiri lọ síbi ìkọ́lé, kéréènì á sì tò wọ́n lérí ara wọn bí ọmọdé ṣe ń to páálí ìṣáná. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ Marzahn ní 1977, létí ìlú, ilé fún àwọn èèyàn tó lé ní 100,000. Lónìí, àwọn èèyàn ń fi irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Ẹni tó ti gbé korobá èédú gun àjà kẹrin nígbà òtútù ò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Omi gbígbóná ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní Marzahn, balùwẹ̀ sì wà nínú fúláàtì.

Ìgbà tó di ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, 1990, Jámánì méjèèjì di ọ̀kan. Kí ni ká ṣe sí gbogbo ilé tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ ẹni? Òfin tuntun ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín, tí kò bá ṣeé dá padà ni kí wọ́n tó san gbà-máà-bínú. Ìwé ìbéèrè tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ya dé.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí a ń sọ wá dé. Tí ìjọba Nazi bá gba ilé rẹ láàárín 1933 sí 1945, torí pé o jẹ́ Júù tàbí pé o ta ko Hitler, ìwọ tàbí ọmọ rẹ lè béèrè rẹ̀. Tí ìjọba sósíálíìsì bá gbà á láìtọ́ láti 1949 síwájú, ẹ lè béèrè rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ àárín 1945 sí 1949 ni wọ́n gbà á, lábẹ́ àṣẹ àwọn ará Soviet, wọn ò ní dá a padà. Ilé méjì lè wà lójú títì kan náà, kí a ti gba méjèèjì lọ́nà kan náà, kí ọ̀kan padà sọ́wọ́ onílé, kí èkejì má padà. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé ló pàṣẹ.

A ò sọ pé kò yẹ kí wọ́n dá ohun olóhun padà o. Ìdílé Júù tí wọ́n lé jáde nílé ara wọn, tí wọ́n pa àwọn èèyàn wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹni tí ọkàn wa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni ayálégbé tó ti ń gbé inú ilé yẹn fún ogún ọdún, tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kun ún, tó ti bímọ síbẹ̀. Òun kọ́ ló gba ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lótìítọ́, àdéhùn ìgbélé rẹ̀ ṣì dúró lábẹ́ òfin. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn àrólé ń gbé ìwọ̀-oòrùn tàbí òkè òkun, wọ́n sì ta ilé náà fún àwọn tó ń fi ilé pawó. Ìjọba dín owó orí kù fún ẹni tó bá tún ilé ṣe. Wọ́n gbé páìpù ìgbónáyàrá wọlé, wọ́n kun ògiri, owó ilé sì gbéra. Ìlú fi ìdíwọ̀n sí owó ilé láwọn ibì kan fún ìgbà díẹ̀, kò dá a dúró. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé Prenzlauer Berg ní 1989 ti kó lọ. Àtẹ̀gùn kan náà ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń gùn ún ló yàtọ̀.

Ní Marzahn, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Àjọ ìjọba kan tó ń jẹ́ Treuhand ta àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tàbí kó tì wọ́n pa, iṣẹ́ bá pòórá. Àwọn ọ̀dọ́ wá ọ̀nà lọ, fúláàtì ń ṣófo. Nígbà tó di 2002, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń sanwó fún wíwó ilé tó ṣófo. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ahrensfelder Terrassen, wọ́n gé ilé alájà 11 lórí, ó ku àjà 3 sí 6. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń tò fún ilé tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí wọ́n ti ń sanwó láti wó o.

Àwọn kan tún wà tí kò sí nínú ìwé kankan. Láti 1979 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń gba òṣìṣẹ́ láti Mozambique, tí wọ́n ń kó wọn sí ilé àjùmọ̀gbé. Wọ́n ń yọ lára owó oṣù wọn, wọ́n ní ẹ ó gbà á tí ẹ bá délé. Nígbà tí iléeṣẹ́ kú, ọ̀pọ̀ wọn ló ní láti padà sílé, owó náà ò sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wọ́de lọ́jọọjọ́ Wẹ́sìdeè ní Maputo, pẹ̀lú àsíá orílẹ̀-èdè tí kò sí mọ́. Ọjọ́ wo ni ti tiwọn?

Ẹ wá wo àárín ìlú, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an. Ní 1950, ìjọba sósíálíìsì wó àwókù ààfin àwọn ọba Prussia. Ní 1976, wọ́n ṣí Palast der Republik síbẹ̀: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gbọ̀ngàn eré, ilé oúnjẹ àti ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Wọ́n tì í ní 1990 torí asbestos tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wó o láàárín 2006 sí 2008. Kí ni wọ́n kọ́ síbẹ̀? Ààfin yẹn náà ni, ojú mẹ́ta nínú ìta rẹ̀ rí bíi ti àtijọ́. Wọ́n pè é ní Humboldt Forum, àwọn aráàlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní 2021. Wọ́n dá ìlú padà sí ayé ọba, wọ́n fo ogójì ọdún tí àwọn èèyàn fi gbé ibẹ̀.

Nínú ààfin tuntun yìí ni wọ́n pàtẹ àwọn iṣẹ́ idẹ Bìní sí, lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Ọba ní 1897. Ọdún 2022 ni Jámánì tó fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ló ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tí 20 àkọ́kọ́ sì padà dé Àbújá lóṣù Kejìlá. Àwọn kan ṣì wà ní Berlin gẹ́gẹ́ bí ohun tí a yá wọn. Láti 1990 ni wọ́n ti mọ̀ bí a ṣe ń dá ohun olóhun padà, wọ́n ní òfin rẹ̀, wọ́n ní ọ́fíìsì rẹ̀. 1933 wọ inú òfin náà, 1897 ò wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ò sì tíì parí. Ní 2004, ìjọba Berlin, tí gbèsè ti dé lọ́rùn, ta iléeṣẹ́ tó ni nǹkan bí 65,000 fúláàtì fún àwọn olówó ńlá. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, àwọn ará ìlú dìbò lórí ìbéèrè kan: ṣé kí ìjọba gba ilé padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó bá ní ju 3,000 fúláàtì lọ, kó san gbà-máà-bínú fún wọn? Ó lé ní ìdajì àwọn tó dìbò tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbò náà ò lè di òfin fúnra rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ayálégbé tí òfin 1990 ò bi léèrè rí náà rí ibi sọ tẹnu rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe rollback gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó ń lo ètò náà. Torí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí pé òun máa dá ìlú padà sí bó ṣe wà látijọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ ní kó kọ́kọ́ dárúkọ ọjọ́ náà, kó sì sọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ báyìí.