Ọ̀fẹ́ tó di túláàsì: bí Windows 10 ṣe wọlé àwọn tí kò pè é

1/ Ẹ gbọ́ ná. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn yín, ó ní òun gbé ẹ̀bùn wá, òun ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ ní ẹ ò fẹ́, ẹ tìlẹ̀kùn. Ó wá ní títì tí ẹ tì í yẹn, "bẹ́ẹ̀ ni" ló túmọ̀ sí. Ṣé ẹ̀bùn ṣì ni? Ohun tí Microsoft ṣe fún àwọn tó ń lo Windows ní 2016 nìyẹn. Ẹ jókòó, ìtàn wà ńlẹ̀ 🧵

2/ Ọjọ́ 29 oṣù Keje 2015 ni Windows 10 jáde. Tẹ́lẹ̀, tí èèyàn bá fẹ́ kúrò lórí Windows 7 bọ́ sórí Windows 8, owó ló máa san. Lọ́tẹ̀ yìí, Microsoft ní kí ẹni tó bá ń lo Windows 7 tàbí 8.1 wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ó pẹ́ tán ọdún kan. Tí ọdún yẹn bá ti pé, 119 dọ́là ni.

3/ Kí ló mú ọwọ́ wọn là tó bẹ́ẹ̀? Ní oṣù Kẹrin 2015, wọ́n ti kéde pé àwọn fẹ́ kí Windows 10 wà lórí ẹ̀rọ bílíọ̀nù kan láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ajé ni, ó sì yé wa. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni àwọn tó ń ṣe app máa ń gbé ọjà wọn lọ.

4/ Ìdí kejì wà tí mi ò lè bá wọn jiyàn lé lórí. Windows XP jáde ní 2001. Ní oṣù Kẹrin 2014, Microsoft ní àwọn ò ní máa tún un ṣe mọ́. Síbẹ̀, àìmọye èèyàn ò kúrò lórí ẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ olè. Microsoft ò fẹ́ kí Windows 7 náà dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n jàre níbẹ̀ yẹn.

5/ Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni wàhálà. Kí Windows 10 tó jáde rárá, àmì kékeré kan ti yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà: "Get Windows 10". Ẹ mọ ibi tó gbà wọlé? Ojú ọ̀nà tí àtúnṣe ààbò máa ń gbà ni. Ó tiẹ̀ ní nọ́ńbà bíi tiwọn, KB3035583. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́dẹ tó fẹ́ ṣọ́lé, apolówó ọjà ló tẹ̀lé e wọlé.

6/ Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, àwọn èèyàn kíyè sí i pé kọ̀ǹpútà àwọn ń gba fáìlì Windows 10 sílẹ̀, fáìlì tó lè tó 6GB, bẹ́ẹ̀ wọn ò béèrè fún un. Microsoft ní òótọ́ ni, fún àwọn tó ti gbà kí update máa wọlé fúnra rẹ̀. 6GB o! Àwa tí à ń ra dátà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Microsoft ò gbowó, àmọ́ dátà yín ti lọ.

7/ Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, bọ́tìnì méjì ló hàn gbangba lójú ìkéde wọn: "Upgrade now" àti "Upgrade tonight". Ṣé nísinsìnyí ni àbí lálẹ́ òní? Bọ́tìnì "rárá" ò sí níbẹ̀. Ní oṣù Kejì 2016, wọ́n gbé e bọ́ sínú àwọn update tí wọ́n dámọ̀ràn, ìyẹn àwọn tó máa ń wọlé fúnra wọn lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà.

8/ Oṣù Karùn-ún 2016 ló wá le jù. Láti ayé Windows 95 ni gbogbo wa ti mọ̀ pé X tó wà ní igun òkè, "pa á dé" ni. Lójijì, ìkéde á yọ, á ní a ti mú ọjọ́ báyìí fún upgrade yín. Ẹ tẹ X kí ẹ lè máa bá iṣẹ́ yín lọ. Kò fagi lé e o! Tọ́jọ́ yẹn bá pé, upgrade bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ kọ̀ ọ́ lóòótọ́, ìlà kékeré kan wà láàárín ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá rí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

9/ Ẹ jẹ́ ká sọ ti àwọn tó fara gbá a. Teri Goldstein ní iléeṣẹ́ ìrìn-àjò kékeré ní Sausalito, California. Ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun bóyá òun fẹ́ Windows 10. Upgrade yẹn gbìyànjú láti wọlé, ó kùnà, kọ̀ǹpútà tó fi ń jẹun wá ń falẹ̀, ó ń kú lójijì, ó tó ọjọ́ mélòó kan tí kò ṣeé lò. Obìnrin yìí gbé Microsoft lọ sí kóòtù, wọ́n dá a láre: 10,000 dọ́là! Microsoft kọ́kọ́ pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n tún yọwọ́. Wọ́n ní àwọn ò jẹ̀bi, àwọn kàn ò fẹ́ náwó sí ẹjọ́ mọ́ ni.

10/ Èyí tó dùn mí jù rèé. Ní Chinko, igbó ńlá kan ní Central African Republic, àwọn kan ń dáàbò bo ẹranko lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ìbọn wá pa wọ́n. Íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì ni wọ́n ń lò, owó gọbọi ló sì ń gbà. Ní oṣù Kẹfà 2016, wọ́n ké jáde pé Windows 10 ti ń fa dátà lórí laptop àwọn láìgbàṣẹ. Ẹni tó ṣètò "ọ̀fẹ́" yẹn, bóyá ó rò pé gbogbo ayé ló ní Wi-Fi tí kì í tán.

11/ Ariwo ta. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, Microsoft gbà láti fi bọ́tìnì ìkọ̀ sí i, X sì padà di X. Ẹ wò ó, ọ̀fẹ́ yẹn ku oṣù kan péré kó parí! Ní oṣù Kejìlá, Chris Capossela tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìpolówó wọn gbà ní gbangba pé àwọn kọjá ààlà. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Baden-Württemberg pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2017, Microsoft tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ mọ́.

12/ Àmọ́ ìpalára ti wà ńlẹ̀. Àwọn kan ti ṣe app tó ń lé Windows 10 sẹ́yìn, bíi GWX Control Panel ti Josh Mayfield àti Never10 ti Steve Gibson. Ìyẹn ò burú, wọn ò dí àtúnṣe ààbò lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ wá ìyẹn, wọ́n pa Windows Update pátápátá. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

13/ Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde, MS17-010, láti dí ihò kan nínú Windows. Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, WannaCry dé. Ihò yẹn gan-an ló gbà wọlé, ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè owó kó tó ṣí i. Ó kan nǹkan bíi orílẹ̀-èdè 150. Ní England, ó kan nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àjọ tó ń darí ilé ìwòsàn NHS, wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

14/ Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó kó WannaCry. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ilé ìwòsàn ní ìdí tiwọn tí wọn ò fi tètè gba àtúnṣe, mi ò di ẹrù yẹn lé Windows 10 lórí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá gba àtúnṣe oṣù Kẹta yẹn yè é, ojú ọ̀nà tí wọ́n sì fi polówó Windows 10 náà ni àtúnṣe yẹn gbà. Ọ̀nà tó ń gbé oògùn wá, kò yẹ kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà ìpolówó. Ọjọ́ tí oògùn gidi bá dé, ẹlòmíràn á ti tìlẹ̀kùn.

15/ Kí ló kàn wá lónìí? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, ó kan Windows 10 náà: Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Windows 11 jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ó ń béèrè TPM 2.0 àti processor tí kò tíì gbó. Ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, iṣẹ́ ṣì wà lára wọn, Windows 11 ló ní òun ò mọ̀ wọ́n. Ẹ ríyẹn? Ní 2016 wọ́n ń fi túláàsì fúnni, ní báyìí ẹni tó fẹ́ ò rí gbà.

16/ Ẹni tó bá ṣì wà lórí Windows 10 lè forúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe ààbò títí di oṣù Kẹwàá 2026. 30 dọ́là ni, tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá jẹ́ kí àkáǹtì Microsoft máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ náà tún rèé, ẹ wo ohun tó ń gbà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

17/ Ṣé ká máa gba upgrade ọ̀fẹ́ tó ń wá tipátipá? Èrò tèmi: àtúnṣe ààbò, ẹ gbà á lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ má fi falẹ̀. Upgrade sí Windows mìíràn, ẹ gbà á lọ́jọ́ tí ẹ̀yin bá mú: lẹ́yìn tí ẹ ti kó fáìlì yín síbòmíràn, tí ẹ ti rí i dájú pé app tí ẹ fi ń jẹun á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, tí dátà sì wà. Títí dìgbà yẹn, ẹ lọ sínú Settings, ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì yín sí "metered connection", kò ní máa fa dátà bó ṣe wù ú.

18/ Ọ̀fẹ́ tàbí olówó, onílé ló ń sọ pé "ẹ wọlé". Tí wọ́n bá sọ pé ìdákẹ́ yín ti di "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ pariwo. Ariwo ló dá bọ́tìnì ìkọ̀ padà ní 2016.

Ẹ̀yin ńkọ́? Windows wo lẹ wà, ta ló sì yàn án, ẹ̀yin àbí àwọn? Ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí laptop ẹ̀ ti ń béèrè "Restart now" láti àná 😅