ORÚKỌ ỌJÀ ÀTI ÀLEJÒ ONÍṢÒWÒ: ÀWỌN YORÙBÁ NÍ GÁNÀ ÀTI ILÉ-IṢẸ́ PATERSON ZOCHONIS

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọjà; ibi tí ọjà ti wá ni ó sábà máa ń fún un lórúkọ. Obì gbànja tí a fi ń ṣe àlejò ní Òkè-Ògùn gba orúkọ rẹ̀ láti Gonja, ilẹ̀ kan ní àríwá Gánà tí òwò obì ń gbà kọjá láyé àtijọ́. Èyí fi hàn pé òwò ti so ilẹ̀ Yorùbá àti Gánà pọ̀ kí àwọn òyìnbó amúnisìn tó pa ààlà. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni ó ń mú kí orúkọ tí àlejò oníṣòwò kan dá sílẹ̀ tàn ká ayé, tí ti àlejò mìíràn kì í fi í kọjá ọjọ́ ayé ẹni tí ó ni ín? Oríṣìí àlejò méjì ni a ó fi wé ara wọn.

Àwọn Oníṣòwò Yorùbá ní Gánà

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn lọ ṣòwò ní Gold Coast, èyí tí ó di Gánà nígbà tí ó gba òmìnira ní 1957. J. S. Eades, ẹni tí ó tẹ ìwé jáde ní 1993 lórí àwọn Yorùbá ní àríwá Gánà, fi hàn bí ọwọ́ ẹbí àti ti ará ìlú ẹni ṣe gbé òwò náà ró. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé a ránṣẹ́ sílé pe àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tí a pè yìí a sìn ín fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gba owó tàbí ọjà àwìn láti dá dúró. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ àti wọ́sìwọ́sì wà lára ohun tí wọ́n ń tà.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú ọjà wọ̀nyí, tí wọn yóò sì tú u tà ní ẹyọ ẹyọ títí dé ọjà abúlé. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé kiri. Orúkọ tiwọn kò ju ti Bàbá Aláṣọ tàbí Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ tí oníbàárà mọ̀ lójú.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jáde. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí a bí sí Gánà pẹ̀lú. Kò sí àyè láti gba gbèsè tí ó wà níta, ọ̀pọ̀ sì fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Nítorí pé ara ènìyàn ni orúkọ òwò náà wà, nígbà tí ènìyàn kọjá ẹnubodè, orúkọ náà bá a lọ.

Ilé-Iṣẹ́ Paterson Zochonis

Ní 1879, George Paterson, ọmọ Scotland, àti George Zochonis, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, dá òwò sílẹ̀ ní Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Àlejò ni àwọn méjèèjì níbẹ̀. Wọ́n ń fi èso ilẹ̀ wa ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, wọ́n sì ń kó aṣọ Manchester wá. Wọ́n ṣí ẹ̀ka sí Nàìjíríà ní 1899. Ní 1948, wọ́n bọ́ sídìí ọṣẹ ṣíṣe ní ìlú Aba. Ní 1975, wọ́n ra Cussons, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe ọṣẹ Imperial Leather. Láti ibẹ̀ ni orúkọ PZ Cussons tí a mọ̀ lónìí ti jáde.

Òfin lórí àjèjì kan àwọn náà. Ní 1972, ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe òfin pé kí àwọn òwò kan bọ́ sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, kí àjèjì sì ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà nínú àwọn mìíràn. Ó fún wọn ní àyè títí di òpin oṣù kẹta 1974. Ní 1977, ìjọba tún mú òfin náà le sí i. Ṣùgbọ́n ìpín ṣeé tà láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kógbá sílé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ra ìpín, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kò sì parẹ́.

Ìfiwéra

Kì í ṣe aápọn ni ó ya àlejò méjèèjì sọ́tọ̀. Èkíní, orúkọ Paterson Zochonis kúrò ní orúkọ ènìyàn, ó di orúkọ tí òfin mọ̀, tí a lè pín, tí a sì lè jogún. Èkejì, wọ́n kúrò ní títà nìkan, wọ́n bọ́ sí ṣíṣe ọjà tí wọ́n fi orúkọ tiwọn sí. Ẹ̀kẹta, abẹ́ ààbò ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè ọdún méjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, yóò jẹ́ àìṣòdodo bí a bá di gbogbo ẹ̀bi ru oníṣòwò Yorùbá.

Àgbálọgbábọ̀

Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gánà ní 1983. Orúkọ tí àpò ńlá tí wọ́n fi kó ẹrù gbà, Ghana Must Go, ṣì wà lẹ́nu wa. Bí gbànja ti ń rántí òwò, bẹ́ẹ̀ ni àpò yìí ń rántí ìlélọ.

Ìjió àti àwọn ìlú mìíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà kò jìnnà sí ẹnubodè ilẹ̀ Benin, nítorí náà ọ̀rọ̀ àlejò kì í ṣe ìtàn òkèèrè fún olùkọ́ ibẹ̀. Ẹni tí ó pé ogún ọdún ní 1969 ti lé ní àádọ́rin báyìí. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn àgbà tí ó ti Gánà dé, kí wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe kọ́ òwò, ẹni tí ó fún wọn ní àwìn, àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnu tí yóò sọ ọ́ ṣì wà.