Ọnà tí iná kọ sára igi: Ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ouagadougou àti ewu tó wà nínú èéfín rẹ̀

Ẹni tó bá wọ abúlé àwọn oníṣẹ́ ọnà tó wà ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, á rí igbá, àwo onígi àti àpótí tí ọnà dúdú wà lára wọn. Kì í ṣe ọ̀dà, kì í sì í ṣe aró. Irin tí wọ́n kì bọ iná títí tó fi pọ́n ni wọ́n fi kọ ọ́.

"Pyrogravure" ni orúkọ tí àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pe iṣẹ́ náà. Yorùbá kò nílò láti rìn jìnnà kó tó yé e: ẹni tó bá mọ ohun tó ń jẹ́ igbá fínfín ti mọ púpọ̀ nínú rẹ̀, àfi pé iná ló gba ipò ọ̀bẹ.

Bí irin gbígbóná bá kan ojú igi, ibi tó bá kàn á jó di èédú. Bí ọwọ́ oníṣẹ́ bá yá, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Bí ọwọ́ bá pẹ́ lójú kan, á dúdú kirikiri. Omi kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Àmọ́ kò sí ohun tó ń jó tí kì í rú èéfín. Ẹni tó ń fín igi sì gbọ́dọ̀ tẹ orí sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó lè rí ilà tó ń fà. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pàdé ohunkóhun tó bá jáde láti inú igi náà. Ìdí nìyí tí yíyan igi fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹwà àti ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́ẹ̀kan náà.

Alágbẹ̀dẹ ló ni irin, òun náà ló ń gbẹ́ igi

Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ yàtọ̀ sí ti gbẹ́nàgbẹ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògún kan náà ni àwọn méjèèjì ń bọ. Láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní Burkina Faso, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ àti ọ̀bẹ náà ló ń gbẹ́ ère àti ìbojú onígi. Christopher Roy, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé èyí nínú ìwé tó kọ lórí iṣẹ́ ọnà agbègbè náà, èyí tó jáde lọ́dún 1987.

Lára iṣẹ́ tí aráyé mọ̀ jù níbẹ̀ ni ìbojú onípákó àwọn Bwa, tí gíga rẹ̀ lè ju mítà 2 lọ. Oníjó á fi eyín di okùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú, á sì máa fi orí yí i bí ó ṣe ń jó. Èèyàn kò lè fi ìrókò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ọrùn oníjó má kán. Igi tó fúyẹ́ bíi araba ni wọ́n ń wá. Ohun tí igi fẹ́ ṣe ni àwọn àgbà oníṣẹ́ kọ́kọ́ ń rò, kí wọ́n tó ro bó ṣe máa dára lójú.

Bákan náà ni ti igbá. Ní Burkina Faso, igbá ni wọ́n fi ń bu dolo, ọtí ọkà bàbà tó bá bùrùkùtù tan. Fífi iná fín igbá kò sì mọ sí orílẹ̀-èdè yẹn nìkan. Ní àfonífojì odò Gongola, ní àríwá ìlà oòrùn Nàìjíríà, àwọn obìnrin ló ń fi irin gbígbóná ya ọnà sára igbá ìgbéyàwó àti igbá oúnjẹ. Marla Berns àti Barbara Rubin Hudson kó ìtàn iṣẹ́ náà jọ sínú ìwé kan lọ́dún 1986. Ọ̀yọ́ Aláàfin ní tirẹ̀ di ìlú olókìkí nípa igbá tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín.

Igbá fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbà. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹ̀, ó sì ti wà ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Àyẹ̀wò àbùdá tó jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ńṣe ló léfòó kọjá lórí òkun Àtìláńtíìkì. Igbá ti dé òkè òkun kí ọkọ̀ ojú omi kankan tó gbé ọmọ Áfíríkà lọ síbẹ̀.

Ìjàkadì mẹ́ta Sankara

Kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ iná àti igi ní Ouagadougou kó má dárúkọ Thomas Sankara. Òun ló yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà láti Upper Volta sí Burkina Faso ní oṣù Kẹjọ ọdún 1984. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjọba rẹ̀ kéde ohun tí wọ́n pè ní ìjàkadì mẹ́ta: wọ́n fẹ́ dá iná igbó dúró, wọ́n fẹ́ fòpin sí gígé igi bó ṣe wuni, wọ́n sì fẹ́ kí ẹran ọ̀sìn yé jẹ̀ kiri láìsí darandaran.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Aṣálẹ̀ ń sún bọ̀ láti àríwá, igi ni ọ̀pọ̀ ilé sì ń dá. Nígbà tí Sankara sọ̀rọ̀ nípa igi àti igbó níbi ìpàdé kan nílùú Paris lóṣù Kejì ọdún 1986, ó ní àwọn èèyàn òun ti gbin igi mílíọ̀nù 10 láàárín oṣù 15.

Ìjọba yìí kan náà ló ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọba máa wọ Faso dan fani, aṣọ òfì ilẹ̀ wọn. Ohun tí ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ ṣe di ohun ìyangàn. Wọ́n pa Sankara ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá ọdún 1987, ṣùgbọ́n èrò yẹn kò bá a lọ. Lọ́dún 1988 ni ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní SIAO bẹ̀rẹ̀ ní Ouagadougou, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ láti máa wáyé ní ọdún méjì méjì. Abúlé àwọn oníṣẹ́ ọnà tẹ̀lé e lọ́dún 2000.

Ìpàtẹ yìí yí iṣẹ́ padà. Ẹni tó ń gbẹ́ nǹkan fún ọdún ìbílẹ̀ abúlé rẹ̀ mọ igi tí bàbá rẹ̀ lò. Ẹni tó ń ṣe àwo ẹ̀bùn fún àlejò ń lo igi tí owó rẹ̀ bá ká. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 15, oṣù Kìíní ọdún 2016 sí òtẹ́ẹ̀lì Splendid àti ilé kọfí Cappuccino, tí nǹkan bí èèyàn 30 ti kú, àti ọ̀pọ̀ ìkọlù mìíràn káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àwọn àlejò tó ń wá fi owó ra ẹ̀bùn dín kù. Bí ọjà kò bá yá, igi olówó pọ́ọ́kú ló ń wu èèyàn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń wọlé.

Irinṣẹ́ dókítà di gègé

Gègé oníná tí wọ́n ń lò báyìí ní ìtàn tirẹ̀. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, dókítà Faransé kan, Claude-André Paquelin, ṣe irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń jó ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ pílátínọ́ọ̀mù, èéfín epo ló sì ń mú kó máa gbóná láìjẹ́ pé wọ́n ń dá a padà sínú iná. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Yúróòpù fi gbà á lọ́wọ́ àwọn dókítà. Iná mànàmáná ló gba iṣẹ́ náà nígbẹ̀yìn.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, gègé oníná àti irin inú ẹyin iná jọ wà títí dòní. Bí mànàmáná bá lọ, irin àtijọ́ kò mọ̀ pé ó lọ.

Igi wo ló gba iná?

Igi tó dára fún iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ funfun tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kí ilà dúdú lè hàn lára rẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán, kí ọwọ́ má máa fò láti ibi tó le sí ibi tó rọ̀. Kò gbọdọ̀ ní oje tàbí òróró púpọ̀ nínú. Ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, torí igi tútù á máa hó lábẹ́ irin, á sì là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mẹ̀lánà, tí ìjọba gbìn káàkiri gúúsù Nàìjíríà, bá àpèjúwe yìí mu. Àrẹ̀rẹ̀ náà bá a mu, igi tí àwọn ará Ghana ń pè ní wawa, tí wọ́n ń pè ní samba ní Côte d'Ivoire. Àrẹ̀rẹ̀ kì í hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn tó yí Ouagadougou ká. Ìhà gúúsù, níbi tí igbó wà, ni wọ́n ti ń gbé e wá. Araba funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, irin á rì sínú rẹ̀ kí oníṣẹ́ tó mọ̀.

Ọ̀gànwó ló ń ṣe ìbòòji fún ọ̀pọ̀ òpópónà Ouagadougou, àmọ́ ara rẹ̀ pupa, ilà iná kò fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀. Tíìkì ní òróró. Igi tó ń so òrí àti èyí tó ń so irú kì í ṣe igi tí ará abúlé ń gé bẹ́ẹ̀ yẹn, torí oúnjẹ àti owó àwọn obìnrin wà lára wọn.

Igi mìíràn wà tí àwọn Faransé ń pè ní vène, tí Haúsá ń pè ní madobiya. Òun ni wọ́n fi ń ṣe pákó orí balafon, ìlù olóhùn dídùn tó jẹ́ ìyàngàn Burkina Faso àti Mali. Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó: àwọn oníṣòwò gé e lọ sí Ṣáínà débi pé àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń tán lọ ti ń fi òfin ṣàkóso kíkó o kọjá ẹnubodè láti ọdún 2017.

Páléètì: òfì kọ́ ni gbogbo aṣọ aláràbarà

Páléètì ni pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé ní pápákọ̀ òfurufú àti èbúté. Ó gbẹ, ó sábà máa ń funfun, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Kò sí ohun tó tún lè wu oníṣẹ́ ju ìyẹn lọ.

Àmọ́ láti ọdún 2002 ni àdéhùn àgbáyé kan ti ní kí wọ́n pa kòkòrò inú irú pákó bẹ́ẹ̀ kó tó kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i lára. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n lò. MB túmọ̀ sí pé gáàsì olóró ni wọ́n fín sí i. Èyí tó ní MB kò yẹ kó kan iná rárá. HT pàápàá kò sọ ohun tó ti dà sórí pákó náà lójú ọ̀nà, bóyá epo ni àbí oògùn apakòkòrò.

Pákó tí wọ́n ti kun, tí wọ́n fi ọ̀dà pa tàbí tí wọ́n fi oògùn ikán rẹ burú ju èyí lọ. Oògùn kan tó ní àséníìkì nínú wà tí wọ́n fi ń rẹ pákó tẹ́lẹ̀, títí tí àwọn tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà fi yọwọ́ kúrò nínú lílò ó fún ilé gbígbé ní ìparí ọdún 2003. Bí wọ́n bá jó irú pákó bẹ́ẹ̀, àséníìkì wà nínú èéfín rẹ̀ àti eérú rẹ̀. Pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀: formaldehyde inú gọ́ọ̀mù yẹn ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 2004.

Igi tí kò ní oògùn kankan kò mọ́ pátápátá. Àjọ yìí kan náà ti sọ láti ọdún 1995 pé ekuru igi lè fa jẹjẹrẹ inú imú. Ekuru ìrókò àti ti àrẹ̀rẹ̀ ń fa ikọ́ ẹ̀fúùfù fún àwọn kan tó ń fi wọ́n ṣiṣẹ́. Ìrókò tún máa ń mú kí ara yún. Ní ti igi ọbọ, Yorùbá kò nílò àlàyé. Igi tí wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn mu lomi nígbà kan kò yẹ kó wà lábẹ́ irin gbígbóná ẹnikẹ́ni.

Ìta gbangba tàbí ibi tí fèrèsé méjì kọjú síra ni iṣẹ́ yìí yẹ. Kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kí fáànù fa èéfín kúrò níwájú ojú dípò kó fẹ́ ẹ padà sí i. Ìbòmú tó ń sẹ́ ekuru wúlò nígbà tí wọ́n bá ń fi yanrìn pa igi, ṣùgbọ́n kò lè dá gáàsì dúró. Aṣọ tí wọ́n dì mọ́ imú kò ṣe iṣẹ́ kankan ju kó máa gbóná mọ́ èèyàn lọ.

Ìgbà ọyẹ́ nílò ojú mẹ́rin. Ní Ouagadougou, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Karùn-ún, èérún igi sì lè gbiná lẹ́ẹ̀kan. Garawa iyanrìn nítòsí, ibùsùn irin tí wọ́n lè gbé gègé lé, àti okùn mànàmáná tí wọ́n yọ kí wọ́n tó dìde: ìwọ̀nyí kò náni ní owó púpọ̀.

Bí irin bá sì jó ọwọ́, omi tútù tó ń ṣàn ni kó kọ́kọ́ kàn án, fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹyin, ọṣẹ ìfọyín àti epo pupa tí àwọn kan ń sáré wá kiri máa ń mú kí ooru há sínú awọ ni.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi iná fín ní Ouagadougou, igbá nìkan ni kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni gé igi. Òun náà ní ekuru: nígbà tí wọ́n bá ń ha inú rẹ̀ tó ti gbẹ, ìbòmú ṣe pàtàkì nítorí ebu. Òrí ni wọ́n lè fi pa á lẹ́yìn tí iná bá ti parí iṣẹ́, kì í ṣe ṣáájú. Irúgbìn tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n á kó pamọ́ de òjò oṣù Kẹfà.