Igi Ìdùnnú: bí oògùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá kan ṣe kú, tó tún jí

1/ Ẹ̀yin tèmi, gbogbo ìgbà ni mò ń rí i lórí WhatsApp pé ewé báyìí-báyìí pa jẹjẹrẹ nínú láàbù, ká yáa máa mu ún. Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn igi kan tó pa á lóòótọ́ fún yín.

2/ Philadelphia ní Amẹ́ríkà, 1957. Monroe Wall, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ń bá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ ló ń wá nínú ewé, èròjà tí wọ́n lè fi ṣe cortisone ni. Jonathan Hartwell, láti National Cancer Institute, wá ní kó fún àwọn ní 1,000 nínú omi ewé tó ti kó jọ, káwọn dán an wò lára eku tó ní jẹjẹrẹ.

3/ Ọ̀kan nínú wọn ṣe bẹbẹ. Ilẹ̀ Ṣáínà nigi náà ti wá, Camptotheca acuminata. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ túmọ̀ sí igi ìdùnnú.

4/ Àmọ́ kí ló wà nínú ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́? Wall kó lọ sí Research Triangle Institute ní North Carolina, òun àti Mansukh Wani, ọmọ Íńdíà, jọ dáwọ́ lé e. Wọ́n á pín omi igi náà sọ́nà mélòó kan, wọ́n á dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò lára eku tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá ṣiṣẹ́, wọ́n á tún pín in, títí ó fi ku ẹyọ èròjà kan. 1966 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde: camptothecin.

5/ Ṣé ó parí síbẹ̀? Rárá o. Kì í yọ́ nínú omi, wọ́n wá sọ ọ́ di iyọ̀ kí wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́. Àwọn aláìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1972, wọ́n pa á tì.

6/ 1985 ló jí. Leroy Liu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, okùn DNA inú ẹ̀ máa ń lọ́ pọ̀. Topoisomerase I ló máa ń gé e díẹ̀, táá tú u, táá sì so ó padà. Camptothecin kì í jẹ́ kó so ó. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ṣáá, bíi ti jẹjẹrẹ, á bá a lọ.

7/ Ní Japan, iléeṣẹ́ Yakult (àní àwọn tó ń ṣe wàrà inú ike kékeré yẹn!) ti tún un ṣe kó lè yọ́ nínú omi. Irinotecan lorúkọ tuntun. Ní 1996, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá wọn ò gbọ́ ti 5-FU mọ́. Wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru tó le gan-an, ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹni tó ń gbà á.

8/ Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 1957 sí 1996, ọdún 39. Mi ò ní ewé àtegbò ò ṣiṣẹ́ o, ara igi ni irinotecan ti wá. Ṣùgbọ́n igi yẹn kan náà ló mú káwọn èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀. "Ó pa jẹjẹrẹ nínú láàbù" ò tíì ju ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ yín, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ má dúró de WhatsApp.