Iná Ilé, Iná Àjò

"Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì." Ẹni tó bá gbọ́ òwe yìí, ọkàn rẹ̀ a lọ sọ́dọ̀ ìyàwó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, tàbí àlejò tó fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Òwe náà kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ilé méjèèjì ló tọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni wàhálà wà. N kò tíì rí ibi tí ó ti bá ọ̀rọ̀ mu tó inú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kàn ní Fùlọ́rídà, tí wọ́n wá gbé wá sí Èkó.

Iná Amẹ́ríkà, 120 fóòtì ni, tiwa, 230. Wáyà ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, wọ́n á ní àfi ká tú gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Áńpù 30 lórí 120 fóòtì, 3,600 wáàtì ni. Lórí 230, áńpù 16 péré ti gbé 3,680. Tan tọ́ọ̀ṣì sí wáyà náà lára, wàá rí 600V tí wọ́n tẹ̀ sí rọ́bà rẹ̀. Bírékà tó ń pa wáyà kan ṣoṣo ni kí o yọ, kí o fi èyí tó ń pa méjèèjì pọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Àwọ̀ wáyà gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù. Lọ́wọ́ oníná Amẹ́ríkà, dúdú ló ń gbé iná wá, funfun ló ń dá a padà. Nínú ilé tí wọ́n fi wáyà sí nílànà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, irú èyí tó ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, pupa ló ń gbé iná wá, dúdú ló ń dá a padà. Rewáyà tó ti fi ogún ọdún di dúdú mú láìfòyà, ta ni yóò sọ fún un? Nínú ọkọ̀ yẹn kan náà, dúdú tún lè jẹ́ nẹ́gẹ́tífù bátìrì 12 fóòtì, tí kò lè ta ọmọdé pàápàá. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan tó ń kan ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà fi ń lo yẹ́lò fún ti bátìrì.

Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ńkọ́? Èyí tó ń jẹ 1,500 wáàtì lórí 120 yóò jẹ nǹkan bí 5,500 lórí 230, nítorí bí fóòtì ṣe ń gòkè ni áńpù náà ń bá a gòkè. Kì í pẹ́ tó fi ń jó.

Àwọn ọkọ̀ ńlá wọn mìíràn ní 240. Má jẹ́ kó tàn ẹ́. Wáyà méjì ló ń gbé iná wọ̀ ọ́, 120 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹta ló wà láàárín tó ń dá a padà. Tiwa, wáyà kan ṣoṣo ló gbé 230. Bí o bá so iná wa mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, tí tàárín kò ríbi so mọ́, gílóòbù lè máa jẹ 170 kí fíríìjì máa fi 60 pa ebi.

Wọ́n á ní kí a ra tírànsífọ́mà. Ó dára, ó lè sọ 230 di 120. Ṣùgbọ́n iná wa ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwọn, 60. Tírànsífọ́mà kò lè yí ìyẹn padà. Mọ́tò á máa yí lọ́ra, á sì máa gbóná. Aago ara sítóòfù tó ń ka ìgbì iná á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, bí ẹni pé Fùlọ́rídà ló ṣì ń fà á.

Bátìrì ni mo fi ń ṣe ògbufọ̀. Iná rẹ̀ kì í lọ kó bọ̀, kò ní èèwọ̀ ilé kankan. Ṣájà tó ń gba 230 ni kó máa bọ́ ọ, kí ínfátà oní-120, oní-60, máa gba tirẹ̀ lára bátìrì, kí ó sì máa bọ́ àwọn ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tó kù. Aago sítóòfù á padà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ni kò ní bá a débẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ jù. Tà á, kí o ra èyí tó ń jẹ iná Èkó.