Ìbọn Kan, Ọ̀pá Mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká sọ pé fóònù yín já bọ́ lórí ọ̀kadà. Ẹ gbé e lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà, wọ́n pààrọ̀ ojú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bátìrì kú, wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn rẹ̀ là, ẹ tún ra òmíì fún un. Ṣé fóònù àtijọ́ yẹn ṣì ni, àbí òmíràn ti dé? Ọ̀pọ̀ wa máa sọ pé òun náà ni. Tí ẹnì kan bá sì ní ká fẹ̀rí hàn, nọ́ńbà IMEI tó wà nínú rẹ̀ la máa fi hàn án.

Irú ìbéèrè yìí ni àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti ń bá yí láti ọdún pípẹ́, àmọ́ kì í ṣe fóònù ni tiwọn. Rìfọ́fà ni, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tó ní àgbá kékeré tó ń yí, tí ọta mẹ́fà sábà máa ń wà nínú àgbá náà. Èyí tí wọ́n ń kó jọ yìí ní àrà kan: ẹni tó ni ín lè jókòó sílé rẹ̀, kó tú ọ̀pá ìbọn náà kúrò, kó sì fi òmíràn tó gùn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, láìgbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ìbọn kankan. Dan Wesson ni wọ́n ń pè é.

Kí ọ̀pá ìbọn máa yọ kì í ṣe ohun tuntun. Rìfọ́fà tí Samuel Colt gbàwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1836, irin pẹlẹbẹ kan bí èèkàn ló de ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbá irin yẹn jáde, ọ̀pá yọ nìyẹn. Àmọ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìbọn fẹ́ ara tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Colt fi máa gbé rìfọ́fà 1873 wọn jáde, ara ìbọn ti di odindi irin kan, wọ́n sì ti fi tírẹ́ẹ̀dì de ọ̀pá mọ́ ọn pinpin. Láti ìgbà náà lọ, gígùn tí èèyàn bá rà ló máa lò. Ẹni tó bá fẹ́ kúkurú, tó tún fẹ́ gígùn, ìbọn méjì ló máa sanwó fún.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní 1852, Horace Smith àti Daniel B. Wesson dá iṣẹ́ pọ̀, orúkọ àwọn méjèèjì náà ló di Smith & Wesson tí gbogbo ayé mọ̀. Àrọ́mọdọ́mọ Wesson yìí, tí òun náà ń jẹ́ Daniel B. Wesson, ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìdílé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1965, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Bangor Punta ra Smith & Wesson. Ní 1968, Dan Wesson dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Monson, ìlú kékeré kan ní Massachusetts, kò jìnnà sí Springfield tí Smith & Wesson wà nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá rẹ̀, ọjà tí wọn ò tà nílé bàbá ló gbọ́dọ̀ gbé wá. Karl Lewis ló bá a ya àwòrán ọjà náà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín bíi páìpù. Wọ́n á yí i wọnú ara ìbọn títí tó fi máa kù díẹ̀ kó kan àgbá. Wọ́n á wá ki irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sáàárín ọ̀pá àti àgbá láti wọn àlàfo tó wà níbẹ̀. Tí àlàfo náà bá fún jù, àgbá ò ní lè yí. Tó bá fẹ̀ jù, agbára ìbọn á máa jò dànù. Àwọn mẹkáníìkì wa mọ irin yìí bí ẹní mowó: fílà géèjì ni, ohun tí wọ́n fi ń wo ẹnu pílọ́ọ̀gì. Ti ìbọn yìí nípọn tó 0.006 íǹṣì, kò kúkú ju bébà díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ki àkọ̀ irin bo ọ̀pá náà, wọ́n á fi nọ́ọ̀tì sí ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi sípánà kékeré mú un le. Ó parí.

Ohun tí wọ́n sì fi irọ̀rùn wá, ó tún mú ohun mìíràn wá. Nítorí pé ara ìbọn di ọ̀pá náà mú lẹ́yìn, tí nọ́ọ̀tì sì tún fà á níwájú, ó le bí okùn tí wọ́n so mọ́ igi méjì. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n. Èyí wà lára ohun tó sọ ìbọn náà di ààyò àwọn tó ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá. Eré kan wà tó wá láti Mẹ́síkò: wọ́n á to ẹran onírin sílẹ̀, adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀, tòlótòló àti àgbò, àgbò ló sì máa ń jìnnà jù, 200 mítà nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ ńlá. Títa bà á nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ ṣubú. Níbẹ̀ ni Dan Wesson ti lórúkọ.

Àpótí ni wọ́n fi ń tà á fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Pistol Pac ni wọ́n pe àpótí náà: ìbọn kan, ọ̀pá mẹ́rin láti kúkurú dé gígùn pẹ̀lú àkọ̀ kọ̀ọ̀kan wọn, sípánà, àti fílà géèjì. Ohun tí àwọn tó ń kó o jọ ń wá lónìí nìyẹn, kí àpótí pé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí 1968, torí pé nǹkan míì ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Lóṣù kẹrin, wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King ní Memphis. Lóṣù kẹfà, wọ́n yìnbọn fún Robert Kennedy ní Los Angeles, ó kú lọ́jọ́ kejì. Rìfọ́fà kékeré ni wọ́n fi pa Kennedy. Ọdún márùn-ún ṣáájú, ìbọn tí wọ́n fi pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ Ààrẹ, wọ́n rà á nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, bí ẹni ra bàtà. Lóṣù kẹwàá 1968, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ìbọn tuntun. Òfin náà fòpin sí fífi ìbọn ránṣẹ́ sí aráàlú láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn nípasẹ̀ ìwé. Ó tún ní kí ìbọn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fóònù wa ti wọlé nìyí. Tí a bá tú ìbọn sí wẹ́wẹ́, èwo nínú rẹ̀ ni ìbọn? Òfin dáhùn pé ara rẹ̀ ni, ibi tí nọ́ńbà wà. Ọ̀pá kì í ṣe ìbọn lójú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún kan náà tí ọkùnrin kan ní Monson ń sọ pé ọ̀pá lè lọ kó bọ̀, kí ara dúró, ni ìjọba ń sọ pé ara yẹn la máa bi léèrè. Nítorí náà, ẹnì kan lè máa ra ọ̀pá Dan Wesson láti ibi gbogbo fún ogún ọdún, kí ìbọn kan ṣoṣo wà lákọsílẹ̀ lórúkọ rẹ̀.

Dan Wesson kú ní 1978. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ṣí kiri: láti Monson lọ sí Palmer, láti Palmer lọ sí Norwich ní ìpínlẹ̀ New York ní 1996. Ní 2005, CZ-USA rà á. Àwọn tó ń kó o jọ ń ka orúkọ ìlú tó wà lára irin bí ẹni ń ka ilà ojú. Tí nọ́ọ̀tì bá yọ síta lẹ́nu ọ̀pá, wọ́n mọ̀ pé ti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Tó bá fara pamọ́ sínú àkọ̀, ó dé lẹ́yìn. Ìṣòro wọn sì ni pé ohun tó dùn lára ìbọn yìí náà ló ń da ìtàn rẹ̀ rú. Ara lè jẹ́ ti Monson, kí ọ̀pá jẹ́ ti Norwich. Àpótí tó pé lójú lè jẹ́ pé ilé mẹ́rin ni wọ́n ti ṣà á jọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú páálí, ìwé àti rìsíìtì, ohun tí àwa ń jù nù ká tó délé.

Mi ò ní parọ́ fún yín, èmi ò fọwọ́ kan ọ̀kan rí, mi ò sì ń wá a. Òfin ìbọn wa ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1959, kó rìfọ́fà mọ́ ohun tí aráàlú ò gbọdọ̀ ní àyàfi tí Ààrẹ bá yọ̀ǹda. Mo sì mọ ohun tí ìbọn ti ṣe ládùúgbò wa. Tẹ́ẹ bá tò ó sínú àpótí tó lẹ́wà, ìyẹn ò sọ ọ́ di ìlẹ̀kẹ̀.

Àmọ́ mo kọ́ ohun kan lára àwọn tó ń kó o jọ. Ọ̀pá tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń wu ojú, òun làwọn èèyàn ń bi wọ́n léèrè. Ara tí ò kúrò lójú kan, tó ru nọ́ńbà, òun ló ń jẹ́rìí: ẹni tó ṣe é àti ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Nílẹ̀ tí ìbọn ti ń pa ààrẹ àti oníwàásù, ẹ̀rí yẹn ni wọ́n ń dì mú, kódà nígbà tí wọ́n bá rò pé irin lásán làwọn ń kó jọ.